Alájì Tó Fòfin De “Ẹ̀rín Pa Mí”

Dúró ná! Ìwọ tí o ń ṣí ojú ìwé yìí wàràwàrà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, mo ní kí o dúró. Da ojú tẹlifóònù yẹn dé ilẹ̀. Bí o bá jẹ́ olórí ohunkóhun, ì báà ṣe olórí ẹgbẹ́, ì báà ṣe olórí ilé, ì báà ṣe ẹni tó wà níwájú jù lọ níbi tí a ti ń pọn omi, sún mọ́ mi, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. Bí o kò bá sì jẹ́ olórí nǹkan kan, má dìde. Oyè kì í pẹ́ dé bá ọmọ ènìyàn, wèrè rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí i.

Ọlọ́hun Ọba tó dá ahọ́n kò fi egungun sí i, kó lè rọ̀ ni. Alájì Jùnáídù ló fi egungun sí tirẹ̀.

Ta ni Alájì Jùnáídù? Ní Niamey, nílẹ̀ Niger, níbi tí odò Ọya ti ń gba abẹ́ afárá kọjá láìbèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, òun ni Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Maourey. Ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ, oníke àti oníbàtà ni, àwọn tí bàbá wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ wá. Iṣẹ́ Ààrẹ kò pọ̀ rárá: kó kí ìyá ìkókó, kó bá wọn sin òkú, kó sì jókòó ní ipò bàbá fún ọmọbìnrin tí kò ní bàbá mọ́ lọ́jọ́ tí a bá so yìgì rẹ̀. Àmọ́ bí o bá rí Alájì Jùnáídù lójú pópó, wàá rò pé òun ló ń ti oòrùn sókè láàárọ̀. Àga rẹ̀ kì í sùn níbi ìpàdé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé e wá láti ilé rẹ̀ ní àdúgbò Poudrière, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá, ẹnì kan á sì jókòó tì í. Tì í ni mo wí o, kì í ṣe lórí rẹ̀.

Ó ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Lùkúmàn. Lùkúmàn yìí kò kọ ohunkóhun rí ju oríkì Ààrẹ lọ. Òun ló sọ ọ́ di àṣà pé bí Ààrẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ tó sì dákẹ́ díẹ̀ kó lè mí, kí gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. “Ìdákẹ́ Ààrẹ,” ni Lùkúmàn wí, “ó wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ!” Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n á figbe ta bí wọ́n ti ń ṣe láàfin àwọn Haúsá, “Ránkà yá dádé!” ìyẹn ni pé, kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Fi àpatẹ́wọ́ yìí sọ́kàn. Yóò wúlò fún wa níwájú.

Lọ́jọ́ kan, ìjòyè ọ̀dọ́ kan láti mèrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, wá wo ọjà. Alájì Jùnáídù wọ agbádá mẹ́ta lé ara wọn nínú ooru, ó ń mú un kiri. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Hàkímù, oníke, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Oníbàárà kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nídìí abọ́.

“Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Hàkímù ń pariwo. “Ẹ ti fún mi lọ́rùn tán! Ẹ jẹ́ n mí!”

Láti òdìkejì, ẹnì kan ń ké pe olóúnjẹ pé ebi ti pa òun kú. Aláṣọ kan nídìí ògiri ń ráhùn pé oòrùn yìí á gbẹ̀mí òun. Ìjòyè mèrí bèèrè lédè Faransé pé kí ni wọ́n ń sọ. Lùkúmàn sì túmọ̀ rẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ní wọ́n fẹ́ pa òun, wọ́n ti fún un lọ́rùn, ọ̀kan ní òun ti kú, ọ̀kan ní ẹ̀mí òun ń lọ.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Musié Pírésídáǹ, ṣé ọjà nìyí àbí ibi tí ẹ ti ń pẹran? Àwọn èèyàn yín tó ṣẹ́kù ńkọ́?”

Ó ra sálúbàtà, ó bá tirẹ̀ lọ, kó sì tó dé títì ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Alájì Jùnáídù kò gbàgbé. Ẹni tó ń wá iyì kiri, àwàdà ni idà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó pèpàdé.

“Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí Ọlọ́hun fi èmi jíǹkí!” Àtẹ́wọ́. “Ẹ̀yin tí ẹ bá mi gbé ayé lásìkò kan náà, tí ẹ kò sì mọ oore tí a ṣe fún yín!” Àtẹ́wọ́. “Àwọn ènìyàn ńlá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín, ojú sì tì mí. Ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ikú ṣọ̀rọ̀ bí ará oko. Láti òní lọ, kò sí ohun tó gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí! Mo fòfin dè é. Kò sí ẹni tí wọ́n gbọdọ̀ fún lọ́rùn. Nǹkan kan kò gbọdọ̀ há ẹnikẹ́ni lọ́fun!”

Olùkàwé mi, ṣé o gbọ́? Ohun tí Ọlọ́hun nìkan lè fòfin dè, aláṣọ kan ní Maourey ti fòfin dè é kí wọ́n tó pín omi mímu.

Hàkímù nawọ́. “Alájì, ẹ jọ̀ọ́, bí ebi bá ń pa mí ńkọ́?”

“Ebi ò ní pa ọ́. Lùkúmàn, sọ fún un.”

Lùkúmàn dìde, ó gún fìlà. “Wàá sọ pé, ‘Inú mi ń retí àlejò.’”

“Bí àlejò ò bá wá dé ńkọ́?”

Ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Lùkúmàn kò wẹ̀yìn. Ó ní ẹni tí oòrùn bá ń pa yóò sọ pé ojú ọjọ́ ń fìfẹ́ hàn sí òun. Ẹni tí ẹ̀rín bá fẹ́ pa yóò sọ pé ayọ̀ ti kún ẹnu òun dé etí. Ẹni tí oúnjẹ bá há lọ́fun ńkọ́? Yóò sọ pé, “Ohun kan ń sinmi ní ọ̀nà ọfun mi.”

“Ẹni tí nǹkan há lọ́fun á sọ gbogbo ìyẹn?” Hàkímù tún bèèrè. “Alájì, ẹ má bínú. Mo lọ sílé ìwé gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ní Ṣakí kí n tó wá síbí. Òyìnbó tó gbọ́n tó yẹn, bó bá jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, á ní òun ń pa àkókò. Bí àwàdà bá dùn mọ́ ọn, á ní ẹ ti pa òun. Òun náà ló fi ṣóòkì sára alùpùpù, ká máa fún un lọ́rùn láàárọ̀ kó tó jí. Mi ò gbọ́ pé wọ́n mú un lọ sí komisáríà ọlọ́pàá.”

Ojú Ààrẹ pọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ìjìyà kan ti sọ sí i lọ́kàn. Àwo obì wà níwájú rẹ̀, gooro ńláńlá tí wọ́n fi ń kí àlejò nílùú yìí. Ó mú odidi kan.

“Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ ikú, obì odidi ni yóò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ tu ú, títí ìpàdé á fi tú. Hàkímù, la ẹnu.”

Báyìí ni obì, tí Ọlọ́hun dá kí àwọn ènìyàn máa là án fún ara wọn, ṣe di ìdè ẹnu. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdajì ẹgbẹ́ ló ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú jókòó ìpàdé. Àwọn Zarma, ọmọ onílùú, tó ń kọjá ń kí wọn, “Fofo, fofo,” wọ́n sì ń bi ara wọn pé irú eyín dídùn wo ló ń ran àwọn Yorùbá yìí. Oòrùn oṣù kẹrin dé, oòrùn Niamey tí kò mọ Ààrẹ, ó ń din àwọn ènìyàn lórí bí àkàrà, kí o wá gbọ́ àwọn àgbà ọkùnrin tí òógùn ń ṣàn lára wọn, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, “Ojú ọjọ́ mà ń fìfẹ́ hàn sí wa o.”

“Ìfẹ́ náà pọ̀ jù,” ni Hàkímù á dáhùn. “Kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn.”

Opó kan wà lára wọn, Mọ́rìlíátù, aláṣọ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Sùmáyà, tí wọ́n bí sí Niamey, tó kàwé Faransé, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò nípọn. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò Kirkissoye fẹ́ fẹ́ Sùmáyà. Bàbá ọmọkùnrin náà, Alájì Ìsà, Zarma ni, àmọ́ ó ṣòwò pẹ́ ní Ìlọrin, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa mìíràn lọ. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì. Àbúrò bàbá Sùmáyà, Mùhàmmádù, ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí kò lè wá, ó ti fi tẹlifóònù fa ipò walíyyì, ẹni tó ń fi ọmọ fọ́kọ, lé Ààrẹ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ó kù kí Ààrẹ jókòó níbẹ̀, kó sọ pé, “A fi ọmọ wa fún yín.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mọ́rìlíátù wá sípàdé ọjọ́ Ajé kan kó lè rán Ààrẹ létí pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni. Kó tó kan òun láti sọ̀rọ̀, Lùkúmàn dìde kí Ààrẹ.

“Odò Ọya, gbọ́! Ta ní parọ́ fún ọ pé o gbòòrò? Ìgbà tí Ààrẹ bá wẹ̀ ni o ń mọ́! Àwọn erinmi inú rẹ ń bi ara wọn láàárọ̀ pé, ‘Ṣé Ààrẹ ti jí? Ṣé ká yọrí?’”

Mọ́rìlíátù gbìyànjú. Ó di ẹnu mú, ó wo ilẹ̀, ó ṣe àsítágífàrù. Àmọ́ ó ti rí erinmi lójú ọkàn rẹ̀, pẹ̀lú orí bàǹbà, tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ Alájì Jùnáídù.

“Yéè, ẹ gbà mí! Ẹ̀rín pa mí o!”

 Ààrẹ na obì sí i.

“Ẹ forí jì mí, Alájì,” ó kúnlẹ̀. “Mo jẹ̀bi. Àmọ́ mi ò lè fi nǹkan sẹ́nu, mo wà nínú ààwẹ̀. Èyí tí àìsàn mú mi jẹ ní Ràmàdáànì ni mò ń san.”

“Ṣé ààwẹ̀ ju òfin Ààrẹ lọ?” ni Lùkúmàn bèèrè.

Súbhánállà! Ènìyàn bíi tèmi bíi tìrẹ ló la ẹnu bi ìbéèrè yìí, àjà ilé kò sì wó. Lẹ́mọ́mù Zùbáír, tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Alájì, ẹ jẹ́ kó lọ.” Ààrẹ kò wo apá ibẹ̀.

“Mọ́rìlíátù, o ti yọra rẹ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọmọ ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kì í ṣe bàbá rẹ̀. Lọ wá walíyyì mìíràn.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe Mùhàmmádù ní Ògbómọ̀ṣọ́. “Ìyàwó mi,” ló wí, “odidi ẹgbẹ́ kò lè lé èèyàn lásán. Lọ bẹ̀ wọ́n. Bí o kò bá parí ìjà pẹ̀lú wọn, èmi ò ní lọ́wọ́ sí yìgì náà.” Ó sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

Sùmáyà wo ìyá rẹ̀. “Màámá, kò yé mi. Bàbá mi ti kú, dakọ́ọ̀, mo gbà. Àwọn èèyàn yìí tún fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì?”

Ìyá rẹ̀ kò bá a wí nítorí ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ikú tí wọ́n sọ ní Niamey lọ́dún yẹn, èyí nìkan ló pa ènìyàn lára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó jọ sí àgbàlá Ààrẹ ní Poudrière láti bẹ̀ ẹ́. Alájì Ìsà ti Kirkissoye wá fúnra rẹ̀, nítorí yìgì ku ọ̀la, kò sì yé e ìdí tí Ààrẹ kò fi fẹ́ ṣe walíyyì mọ́. Mọ́rìlíátù àti ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní lẹ́yìn gbogbo ènìyàn.

“Kí ni obìnrin yìí ṣe?” ni Alájì Ìsà bèèrè. “Ṣé ó jalè ni?”

“Ó burú ju olè lọ,” Ààrẹ ní. “Ó rẹ́rìn-ín.”

“Ó rẹ́rìn-ín?”

“Ó sì sọ pé ẹ̀rín pa òun!”

Alájì Ìsà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan á sọ pé àwàdà ni. Hàkímù kò lè pa á mọ́ra mọ́. “Bàbá, ẹ má dààmú. Ẹni tí ẹ̀rín pa ló wà lórí ẹní lọ́hùn-ún yẹn. Ara òkú náà le, alhamdulilahi.”

Ààrẹ fò dìde lórí àga. “Hàkímù! Bí o bá tún sọ̀rọ̀, màá pa ẹ́! Màá fún ẹ lọ́rùn níbí yìí!”

 Àdìẹ kan tó ń jẹ̀ lọ́dọ̀ ìkòkò omi pàápàá gbórí sókè. Lẹ́mọ́mù Zùbáír wú ikọ́.

“Ààrẹ,” ló wí, “obì wà níwájú yín.”

Kí ló yẹ kó ṣe? Bí ó bá rẹ́rìn-ín, bí ó bá ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣì í sọ, òfin yìí le jù,” ìtàn wa á parí síbí, gbogbo wa á sì lọ jẹun. Àmọ́ ìgbéraga kò mọ ẹnu ọ̀nà àbájáde, kódà bí a bá fi àtùpà hàn án. Ó wo àlejò rẹ̀, ó na àyà.

“Ẹ gbé èyí tó tóbi jù wá! Ẹnu Ààrẹ kì í gba kékeré. Kí ẹ lè mọ bí ènìyàn ńlá ṣe ń jìyà, èmi á fi í sẹ́nu, èmi á sì máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.”

Ó fi í sẹ́nu. Ó na ọwọ́ sókè. “Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí Ọlọ́hun fi èmi...”

Ó dákẹ́.

Lùkúmàn gbé ọwọ́, gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. “Ránkà yá dádé!”

Ààrẹ di ọrùn mú. Àtẹ́wọ́ le sí i. Ó lu tábìlì gbàgbàgbà; wọ́n ní ìdájọ́ ti dé. Ojú rẹ̀ là, ó pọ́n, omi ń ti ibẹ̀ jáde. Lùkúmàn ké, “Ẹ wo omijé olórí! Ààrẹ ń sunkún nítorí ìfẹ́ wa!” Àwọn ìyá kan náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ètè Ààrẹ ń dúdú lọ. Lùkúmàn alára wá fura wàyí, àmọ́ ẹni tó ti fi irọ́ jẹun pẹ́, òótọ́ kì í tètè bọ́ sí i lẹ́nu.

“Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn,” ló wí. “Ohun kan ń sinmi ní ọ̀nà ọfun Ààrẹ.”

“Kí Ọlọ́hun jẹ́ kó sinmi dáadáa!” ni wọ́n dáhùn.

“Àmín!”

Ọ̀rẹ́ mi, wò ó dáadáa. Nínú gbogbo ohun tó ń pa ènìyàn tí ọkùnrin yìí fòfin dè, ìyìn ni kò rántí.

Mọ́rìlíátù ló dìde lórí ẹní. “Obì ti há a lọ́fun! Ẹ ò rí i ni? Ó ń kú lọ!”

“Ìyá Sùmáyà, ọ̀rọ̀ yẹn lòdì sí òfin!”

“Òfin bàbá ta ni? Kúrò lọ́nà!”

Ó ti Lùkúmàn ṣubú, ó di agbádá Ààrẹ mú láti ẹ̀yìn, ó tẹ orí rẹ̀ ba síwájú bí a ti ń ṣe fún ọmọ tí egungun ẹja há lọ́fun, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn. Ó gbá a, kò jáde. Ó pe orúkọ Ọlọ́hun, ó tún gbá a. Obì náà fò jáde bí òkò, ó ré kọjá lórí tábìlì, ó sì bọ́ sí àárín itan Alájì Ìsà.

Alájì Ìsà wò ó. Ó fi etí agbádá mú un sókè, tòun ti itọ́.

“Ẹ ṣeun o,” ló wí. “Èmi rò pé lọ́la ni ẹ máa fún àna yín ní obì.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Hàkímù, ó ràn mọ́ àwọn obìnrin, ó dé ọ̀dọ̀ Lẹ́mọ́mù Zùbáír tí kò rẹ́rìn-ín sókè rí. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó pa wọ́n títí wọ́n fi ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú.

Ààrẹ gbórí sókè. Ẹ̀mí ti padà wọlé sí i, ẹ̀mí tí kì í ṣe òun ló ra. Ó yẹ kó dúpẹ́. Gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ sọ: “Ta ló lù mí? Obìnrin yìí fẹ́ pa mí!”

“Ó ti sọ ọ́!” Hàkímù pariwo. “Ẹ gbé obì mìíràn wá!”

“Obì! Ẹ gbé obì wá fún Ààrẹ!” ni gbogbo àgbàlá ń ké, wọ́n sì na àwo sí i láti ọwọ́ dé ọwọ́. Alájì Jùnáídù wo àwo náà bí ẹni tó rí ejò. Ó ká agbádá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Fìlà rẹ̀ ṣẹ́kù sórí àga. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò yọ ọ́ nípò. Kò sì pọndandan: ta ló tún lè pè é ní Ààrẹ láìrẹ́rìn-ín?

Lẹ́mọ́mù Zùbáír pe Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀.

“Kí ló ń dún lẹ́yìn yín yẹn, Lẹ́mọ́mù?” Mùhàmmádù bèèrè.

“Ẹ̀rín ló ń pa wá. Ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀mí ènìyàn là.”

Nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó fa walíyyì lé Lẹ́mọ́mù lọ́wọ́.

A so yìgì Sùmáyà lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, Mọ́rìlíátù rí ọkùnrin kan tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, agbádá kan ṣoṣo ló wọ̀, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí àga. Nínú ilé, Lùkúmàn ti dìde níwájú Lẹ́mọ́mù: “Odò Ọya, gbọ́!” Lẹ́mọ́mù sì fà á jókòó. “Jẹun, Lùkúmàn. Jẹ́ kí odò sinmi.”

Mọ́rìlíátù jáde lọ bá ọkùnrin ẹnu ọ̀nà náà. “Alájì, ẹ wọlé. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. “Ìyá Sùmáyà,” ló wí, “ebi ń pa mí.”

Mọ́rìlíátù gbé ìrẹsì fún un, Alájì Jùnáídù sì jókòó sórí ẹní láàárín àwọn oníke. Lẹ́yìn oúnjẹ, Mọ́rìlíátù fi obì ránṣẹ́ sí i, èyí tó ti fi ọ̀bẹ rẹ́ sí wẹ́wẹ́.

Mo ti sọ tèmi tán, ó ku tìrẹ. Ìwọ olórí tí mo dá dúró níbẹ̀rẹ̀, ta ni ò ń pa lẹ́nu mọ́? Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ọ nígbà tí o kò lè mí? Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, sọ̀kalẹ̀ lórí àga yẹn lónìí, kó tó di pé obì ló máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wá ẹni tí o lé, tí ẹ̀rín rẹ̀ kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Yà sí ilé rẹ̀ kí o tó dé tìrẹ, kí o sì pè é padà.